Díìsì Àbúrò Wa Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Ṣí

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì bọ́ bàtà, ẹ má tíì gbé báàgì yẹn sílẹ̀, torí bí ẹ bá gbọ́ ohun tí mo ṣe, ó lè jẹ́ pé ẹ ò ní fẹ́ jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù mi mọ́! Àbí wọ́n ti sọ fún yín? Wọ́n ti sọ fún yín. Mo rí i lójú yín. Ọkọ àbúrò wa ni, àbí? Kí ló wá sọ? Ó ní mo ba díìsì jẹ́? Ṣé ibẹ̀ ló parí ọ̀rọ̀ sí? Háà! Ó ṣàánú mi nìyẹn, ó bò mí láṣìírí. Ẹ jókòó, ẹ ti rédíò yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí nǹkan tó máa ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, torí òní ló pé ọjọ́ kejìlá tí àbúrò wa ò wojú mi.

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ ohun tí àìwojú jẹ́ nínú ilé wa. Ẹni tó gbọ́ràn, bó bá bínú sí ẹ, ó lè kẹ̀yìn sí ẹ, wàá sì máa bá ẹ̀yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀, wàá máa bẹ̀ ẹ́, ó ń gbọ́, bó fẹ́ bó kọ̀ ó ń gbọ́. Ṣùgbọ́n àbúrò wa tó jẹ́ pé ojú ló fi ń gbọ́, bó bá ti gbójú kúrò lára ẹ, ó ti tìlẹ̀kùn nìyẹn, ó ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n máa sáré yí i po bí eṣinṣin? Mo ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo sáré yí i po nínú ilé ìdáná rẹ̀, èmi àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun, ó kàn di ojú rẹ̀, ó ń gé àlùbọ́sà lọ. Ó ń fojú dídì gé àlùbọ́sà o! Èmi ni mo sá jáde, kó má baà gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ nítorí tèmi.

Ó dáa, ó dáa, mò ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀. Ṣé ẹ rántí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tó kógbá sílé, èyí tí wọ́n máa ń gba àwọn adití sí torí pé ariwo ẹ̀rọ ò dí wọn lọ́wọ́? Àwọn èèyàn yẹn dá èdè ọwọ́ tiwọn sílẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn. Kò sí nínú ìwé kankan, kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni. Àbúrò wa ní òun máa kó o jọ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n tó tán láyé. Ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n mi! Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń wọkọ̀ kiri ilé àwọn arúgbó, ó ń gbé kámẹ́rà ka iwájú wọn, wọ́n ń fọwọ́ sọ ayé wọn fún un. Méje ti kú nínú wọn. Inú háàdì díìsì kan ṣoṣo, tí kò tóbi ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ, ni gbogbo fídíò wọn wà. Ẹ̀dà kejì? Ó ní ẹ̀dà kejì. Inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n jí gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá ló wà, kò sì tíì ṣe òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lẹ́bi níwájú mi. Èmi fúnra mi ti gbìyànjú láti dá a lẹ́bi, kò ràn mí lọ́wọ́.

Wáyà ló kọ́ ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, díìsì sì já bọ́ látorí tábìlì. Ibi tó ti bọ́ ò ga, kò ju ìbàdí lọ. Wọ́n gbé e, wọ́n tún wáyà rẹ̀ kì, kọ̀ǹpútà ní òun ò rí nǹkan kan. Ọkọ rẹ̀ ní ó ń dún, kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Àbúrò wa ò gbọ́ ọ, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó mọ̀ ọ́n lára, ojú ẹsẹ̀ ló sì fa wáyà yọ. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí o: ojú ẹsẹ̀! Ọjọ́ kejì, ó ti wá obìnrin kan rí lẹ́yìn báńkì, ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe láyé ni kó máa kó nǹkan jáde nínú díìsì tó kú. Ó ti kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sínú ìwé. Ó wá bá mi níbí, lórí àga tí ẹ jókòó sí yìí.

Kí ni ẹ rò pé ó wá sọ? Ṣé ẹ rò pé ó ní kí n tún un ṣe? Rárá o! Ó ní kí n sin òun lọ kí n ṣe ògbufọ̀ fún òun. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ògbufọ̀ ló wá wá, èmi ni mo yan ara mi ṣe dókítà.

Mo ní, àjèjì kẹ̀? Èmi wà níbí, o wá ń gbé nǹkan lọ fún àjèjì? Ó ní obìnrin náà ní irinṣẹ́ rẹ̀. Mo ní irinṣẹ́ wo ni mi ò ní? Mo na ọwọ́ sí ara ògiri mi, sí gbogbo sukudiráfà tí mo tò kalẹ̀ yẹn. Àti pé ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú pé mo dárúkọ yín, ẹ̀yin náà wà lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, ẹ ní, "Kí ló ń wá lọ síta nígbà tí Mọ̀ọ́tán wà nílé?" Ẹ sọ ọ́! Ẹ pè mí ní Mọ̀ọ́tán, orí mi wú, mo sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ yín fún un, mo tún fi iyọ̀ sí i. Ó wò mí títí. Ó gbé díìsì lé mi lọ́wọ́. Kò fẹ́ dójú tì mí ni. Òun ò fẹ́ dójú tì mí o, ẹ wá wo ohun tí mo fi san án fún un.

Ẹ ṣáà mọ bí orúkọ Mọ̀ọ́tán ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó apoògùn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tó ṣèèṣì pa gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ rẹ́, mo bá a gbé ètò kan sórí kọ̀ǹpútà, ètò náà sì kó gbogbo rẹ̀ padà, kò ku ẹyọ kan. Wọ́n jó fún mi! Àdúgbò ń pè mí kiri. Ṣùgbọ́n díìsì ìyẹn ò ṣàìsàn, ẹ̀gbọ́n mi. Jẹ́jẹ́ ló ń yí, kọ̀ǹpútà rí i, àwọn fọ́tò nìkan ni wọ́n sọ nù nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gbé sínú ilé àti ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, èmi pe àìsàn àwọn méjèèjì ní ọ̀kan náà.

Mo ki díìsì àbúrò wa mọ́ kọ̀ǹpútà láàárọ̀. Kọ́, kọ́, kọ́. Mo gbé ètò mi lé e lórí. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mò ń tún fáànù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀sán pọ́n, ètò ní òun ò tíì ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ní kó máa bá a lọ. Ìgbà tó yá, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó wá ń ha, ẹ̀gbọ́n mi, ó ń ha, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ṣíbí irin ha ìdí ìkòkò. Mo gbọ́! Èmi tí mo létí! Adití gbé ọwọ́ lé e lẹ́ẹ̀kan péré, ó mọ̀ pé kí òun dáwọ́ dúró, èmi tí mo fi etí mi gbọ́ ọ láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, ńṣe ni mo yí rédíò sókè kí ó má baà dí mi lọ́wọ́.

Háà, ojú ń tì mí. Ẹ bá mi bu omi yẹn.

Ẹ má tíì kánjú dárí jì mí o, a ò tíì dé ibi tó le. Baba onífíríìjì tó wà lódì kejì, òun ló ní kí n gbé e sínú fìrísà, pé bó bá dì dáadáa á jí. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣépè fún ọkùnrin yẹn! Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀bi rẹ̀? Ṣé òun ló gbé e sínú fìrísà? Mo wé e nínú ọ̀rá, mo tì í sábẹ́ ẹja. Àbúrò wa wá lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó bèèrè pé báwo ló ṣe ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, díìsì wà lábẹ́ ẹja, mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè, mo sọ fún un pé ó ń lọ dáadáa. Inú rẹ̀ dùn. Ó fi èso tó rà sílẹ̀ fún mi, ó ní kí n má pa ara mi o, kí n máa sinmi. Nígbà tí mo yọ díìsì jáde, ó ń làágùn. Omi bò ó tinú tòde. Mo tún tàn án bẹ́ẹ̀.

Kò dún mọ́ rárá. Mo ní á á, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀ lóòótọ́, bí ara òkú ṣe ń balẹ̀.

Mo wá ṣí i. Orí tábìlì yìí. Ẹ wo eruku tó wà lórí rẹ̀, ẹ fi ìka yín kàn án, irú eruku yìí ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, fáànù tún ń fẹ́ lọ lókè. Àwọn súkúrù tó dè é ò gba irinṣẹ́ mi, mo fipá tú wọn, mo run wọ́n lórí. Inú rẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ó ń dán ju ohunkóhun tí mo ti tú rí lọ, àwo méjì tẹ́ẹ́rẹ́ léra wọn. Mo rí ìlà róbótó kan lórí tòkè. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo mú aṣọ tí mo fi ń nu awò ojú mi, mo fi nù ún. Mo mí èémí sí i lórí, mo tún nù ún! Ẹ ò rí i? Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ń nù yẹn. Mo ń nu ọwọ́ àwọn òkú kúrò lórí irin.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó sọ fún un pé ó dáa, ká máa lọ bá obìnrin ẹ̀yìn báńkì náà. Mo ti dì í padà, mo fi aṣọ nu àmì ìka ọwọ́ mi kúrò lára rẹ̀ bí olè. Kò sí ohun tí mo sọ fún àbúrò wa. Mo ní bóyá kò ní mọ̀.

Obìnrin náà kéré lọ́jọ́ orí sí mi, ó sì bọ̀wọ̀ fún mi, ó ní ẹ káàbọ̀ sà, ó fún wa ní àga. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn gíláàsì, funfun báláú, fìlà ni wọ́n ń dé kí irun má bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó gbé díìsì wa sábẹ́ iná, ó yí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré o! Ó ní, "Ta ló ṣí i?" Mo gbójú sí gíláàsì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé, ká ní wọ́n gbé e wá lọ́jọ́ tó ṣubú, láìtún tàn án, ó ṣeé ṣe ká ti rí èyí tó pọ̀ jù kó jáde. Ohun tí wọ́n ṣe sí i lẹ́yìn náà ló pa á lára."

Àbúrò wa yíjú sí mi. Ó ń dúró de ọ̀rọ̀. Láti kékeré, ẹ̀gbọ́n mi, láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, bó bá ti yíjú sí mi báyẹn, ohun tí ayé sọ ni mo máa ń sọ fún un. Lọ́dọ̀ dókítà, nílé ẹ̀kọ́, níjọ́ tí bàbá wa ń kú tó ń dárúkọ rẹ̀. Mi ò yí ọ̀rọ̀ padà fún un rí láyé mi. Mo gbé ọwọ́ sókè. Mo ní, "Ó ní ìṣubú yẹn ló bà á jẹ́. Ó ní kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá ti ṣe."

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wò mí dáadáa. Ohun tí ọkọ rẹ̀ ò sọ fún yín nìyẹn. Ọwọ́ tí mo fi kọ́ ọ ní orúkọ omi ni mo fi purọ́ fún un.

Kò tíì tán. Obìnrin náà ń wò wá. Ó ní, "Sà, ṣé bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an lẹ ṣe sọ fún wọn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Àbúrò wa, tí kò mọ nǹkan kan, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, èmi ni mo sì gbọ́dọ̀ yá a ní ohùn. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, "Sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe. Sọ fún un pé kò sùn dáadáa nítorí díìsì yìí." Mo sọ ọ́! Mo la ẹnu mi, mo fi ohùn ara mi yin ara mi, òógùn sì ń bọ́ lójú mi bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ. Obìnrin náà gbé kálámù. Ó fa ìwé kan yọ, ó kọ ọ́ gígùn, ó sì na ìwé náà kọjá níwájú mi, ó fi lé àbúrò wa lọ́wọ́.

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó ká a, ó fi sínú àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbójú kúrò lára mi. Ọjọ́ kejìlá nìyẹn.

Ìjẹta ni àbájáde iṣẹ́ obìnrin náà dé. Nínú ọdún mẹ́sàn-án, nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni wọ́n rí kó, òmíràn sì gé sí wẹ́wẹ́. Ọkọ rẹ̀ ní bàbá kan wà níbẹ̀, òun nìkan ló kù tó mọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ àwọn aláró ilé iṣẹ́ yẹn, ó sì ti kú. Bàbá náà gbé ọwọ́ sókè nínú fídíò, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, àwòrán sì dúró síbẹ̀ gbagidi, kò lọ mọ́. Ó ní àbúrò wa gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè bẹ́ẹ̀, ó ń gbìyànjú láti rántí ibi tí ọwọ́ yẹn ń lọ. Kò rántí.

Mo padà lọ bá obìnrin náà lémi nìkan. Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo ní, ọmọ mi, ìgbà wo ló yẹ kí n ti mọ̀? Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní, "Sà, bí díìsì bá ń yí jẹ́jẹ́, tí kọ̀ǹpútà sì rí i, tó jẹ́ pé nǹkan kàn pa rẹ́ nínú rẹ̀, tí ẹ sì lè fara mọ́ ọn bí ò bá padà, ẹ lè gbìyànjú. Ṣùgbọ́n bó bá ṣubú, bó bá rí omi, bó bá ń kanlẹ̀kùn tàbí tó ń ha, ẹ fa wáyà yọ, ẹ má tún kì í. Bó bá sì jẹ́ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní ẹ̀dà, ìgbìyànjú àkọ́kọ́ kì í ṣe tiyín. Ti ẹni tó mọ̀ ọ́n ni." Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rọrùn tó! Ohun tí àbúrò wa ṣe láìsí ẹni tó kọ́ ọ nìyẹn, kí n tó fi orúkọ Mọ̀ọ́tán gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ tún jókòó, níbo lẹ ń lọ? Ẹ fẹ́ lọ bá mi bẹ̀ ẹ́? Kí lẹ máa fi bẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi? Kí lẹ mọ̀ nínú èdè rẹ̀ ju "wá jẹun" àti "ó dàárọ̀" lọ? Ọdún márùndínláàádọ́ta, èmi lẹ jẹ́ kí n máa sọ ọ́ fún gbogbo yín, gbogbo ilé wa ò ní ọ̀nà míì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àfi ọwọ́ mi, ẹ ò wá rí i pé ọwọ́ mi ti bàjẹ́? Ó ti kọ̀wé sí obìnrin náà pé kó bá òun wá ògbufọ̀ mìíràn. Àjèjì! Àjèjì ló máa bá a sọ̀rọ̀ báyìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, mi ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹ ò ní jáde níbí láìkọ́ gbólóhùn kan. Ojú yín ló máa wò, torí ẹ̀yin ò ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé ọwọ́ sókè. Kì í ṣe ọwọ́ òsì. Orúkọ tó sọ mí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe: ẹ fa etí yín. Bẹ́ẹ̀ ni, etí ló ń pè mí, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ó wá kan irọ́: ẹ na ìka kan sí iwájú ẹnu, kí ẹ wọ́ ọ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wá nà án sí òun fúnra rẹ̀. Ó parí. "Etí purọ́ fún ẹ." Rárá, rárá, kí lẹ ń gbé ọwọ́ sí àyà fún? "Má bínú" nìyẹn! Mi ò ní kí ẹ sọ ọ́. Ẹ ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kún un, ẹ ò gbọdọ̀ yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an ni kí ẹ ṣe sọ ọ́ fún un.

Ẹ gbé ọwọ́ sókè. Ẹ tún un ṣe.